Igbó Tijuca: Bí Òkè Rio de Janeiro Ṣe Tún Di Igbó

Parque Nacional da Tijuca ni igbó ọba tó wà láàrin gbùngbùn ìlú Rio de Janeiro, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ilé, títì àti ọjà ló yí i ká ní ìhà gbogbo, débi pé ẹni tó ń gbé ní àdúgbò Cosme Velho tàbí Jardim Botânico lè jáde nílé kó sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ igi ńlá kí ìṣẹ́jú tó pọ̀ lọ títí. Fífẹ̀ igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 hẹ́kítà, ọ̀nà mẹ́rin ni ìjọba sì pín in sí: Floresta da Tijuca, Serra da Carioca, Pedra Bonita pẹ̀lú Pedra da Gávea, àti Pretos Forros pẹ̀lú Covanca. Pico da Tijuca ni téńté rẹ̀. Ó fi 1,021 mítà ga ju ojú òkun lọ. Corcovado, òkè tí ère Jésù tó na apá méjèèjì dúró lé, kò ga tó o. Nǹkan bí 700 mítà ni.

Kò sí igbó ọba mìíràn ní Brazil tí èrò ń wọ́ lọ tó o. Ní ọdún 2023 nìkan, ìgbà tí àlejò wọ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wo àwọn igi náà tí wọ́n ń rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ ló wà títí di òní. Lóòótọ́, apá kan wà lókè téńté, níbi tí àdá kò fi bẹ́ẹ̀ dé, tí igbó àtayébáyé ṣẹ́ kù sí. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ níbẹ̀ ti di oko kọfí rí, ó ti di ilẹ̀ ṣíṣá rí, ó sì ti di òkè tó wà ní ìhòòhò. Wọ́n gbin igbó náà padà ni. Àwọn tó sì kọ́kọ́ fọwọ́ gbẹ́ ihò tí wọ́n fi igi sí kò sí lára àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìṣàn omi àti lójú ọ̀nà tí àlejò ń bá pàdé lónìí.

Omi ló so ìlú mọ́ òkè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn Potogí tẹ Rio dó ní 1565, ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́lé sí, létí òkun, níbi tí omi inú kànga ti máa ń níyọ̀. Odò Carioca, tó ń sun láti ara Corcovado, ni omi mímu tó dáa jù tó sún mọ́ wọn. Ọdún 1723 ni wọ́n tó rí omi náà fà dé gbàgede Largo da Carioca, tí wọ́n kọ́ ibi ìpọnmi olókùúta sí. Afárá omi tó rọ́pò ti àkọ́kọ́ parí ní 1750, òun ni àwọn ará Rio ń pè ní Arcos da Lapa. Ojú rẹ̀ 42 ṣì dúró ní àárín ìlú títí di ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tíráàmù ló ń gba orí rẹ̀ kọjá láti 1896. Ẹrú ló ru òkúta tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹrú náà ló sì ń pọn omi: ní gbogbo òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin àti obìnrin á tò sídìí ẹnu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú àgbá àti ìkòkò, wọn á gbé e rù, wọn á sì gbé e lọ sílé olówó wọn, nítorí kò sí ilé tí omi ń sun nínú rẹ̀.

Lákòókò yẹn, ìlú ti ń jẹ òkè náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń gé igi ilé, igi ọkọ̀ ojú omi àti igi ìdáná, wọ́n sì ń sun èédú. Ìrèké gba apá ìsàlẹ̀. Àmọ́ kọfí ló kó igbó náà tán. Ọdún 1727 ni kọfí wọ Brazil láti ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ní Guiana, apá àríwá ló sì kọ́kọ́ wà kó tó dé Rio ní nǹkan bí 1760. Ohun méjì ló sọ ọ́ di wúrà. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní òkèèrè: ní 1791 àwọn ẹrú Saint-Domingue, tó di Haiti lẹ́yìn náà, dìde sí àwọn olówó wọn. Ilẹ̀ náà ni kọfí àgbáyé ti ń jáde jù nígbà náà. Bí oko ibẹ̀ ti jóná, owó kọfí gbéra sókè. Ìkejì ni pé ní 1808 ọmọ ọba tó ń ṣàkóso Potogí sá fún ogun Napoleon, ó kó gbogbo ààfin rẹ̀ wá sí Rio, ìlú tó jẹ́ ibùdókọ̀ ojú omi sì di olú ìlú ìjọba ńlá lójijì. Owó wọlé, èrò wọlé, gbogbo ẹni tó bá rí ilẹ̀ lórí òkè sì fẹ́ gbin kọfí.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ dáko ńlá níbẹ̀ ni Louis Lecesne, Faransé kan tó ti Saint-Domingue sá wá. Ó dá oko rẹ̀ sí Gávea Pequena, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Brazil sì ti wá wo bí wọ́n ṣe ń gbin kọfí tó pọ̀. Ayàwòrán Nicolas-Antoine Taunay náà wà níbẹ̀. Ó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Faransé wá sí Rio ní 1816, ó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, orúkọ ìdílé rẹ̀ ló sì mọ́ omi náà lára: Cascatinha Taunay. Ibi tó lẹ́wà yẹn, oko kọfí ló yí i ká. Ọmọ rẹ̀, Félix-Émile, ya àwòrán kan tó wà ní ilé ọnà ìjọba ní Rio: apá kan igbó dúdú gàgàrà, apá kejì kùkùté igi, èéfín àti àwọn ènìyàn kéékèèké tó ń sun èédú. Kò sí ìwé ìtàn tó sọ ọ̀rọ̀ náà yéni ju àwòrán yẹn lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbin kọfí náà ló ba òkè jẹ́. Wọ́n á gé gbogbo igi lulẹ̀, wọ́n á finá sí i, eérú á di ajílẹ̀. Wọ́n á wá gbin kọfí ní ìlà gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí alábòójútó lè dúró lójú kan kó máa wo gbogbo ẹrú tó ń ṣiṣẹ́. Ojú àgbẹ̀ tó mọ òkè rí nǹkan tó burú níbẹ̀: ìlà tó bá gba òkè wálẹ̀, ọ̀nà àgbàrá ni. Òjò Rio kì í ṣe òjò ìwọ́nba, ọdọọdún ló sì ń gbá ilẹ̀ tó lọ́ràá lọ. Láàrin ogún sí ọgbọ̀n ọdún, igi kọfí kò so dáadáa mọ́. Àwọn olóko ńlá kó ẹrú wọn, wọ́n ṣí lọ sí àfonífojì odò Paraíba, níbi tí igbó tuntun ṣì wà láti sun. Òkè ṣíṣá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Rio.

Àwọn ẹrú tó ṣe iṣẹ́ náà, èyí tó pọ̀ nínú wọn wá láti Angola, Kongo, Benguela àti Mozambique. Èbúté Valongo ni wọ́n gbà wọlé láti 1811. UNESCO fojú díwọ̀n iye àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n já sílẹ̀ níbẹ̀ sí nǹkan bí 900,000. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, kò pọ̀ ní Rio tó bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Bahia. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí, ní Salvador ní Bahia ní 1835 ni iye wọn ní Rio tó ń pọ̀ sí i: wọ́n ta àwọn kan síbẹ̀ nítorí ìfura, àwọn tó ti gba òmìnira sì wá fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará ìlú ní 1849, nǹkan bí 80,000 ló jẹ́ ẹrú nínú nǹkan bí 206,000 ènìyàn. Òkè náà tún jẹ́ ibi ìsápamọ́. Àwọn tó bá sá kúrò lóko máa ń tẹ ibùdó dó sínú igbó tó ṣẹ́ kù, àwọn ọlọ́pàá sì ń dọdẹ wọn. Serra dos Pretos Forros, ọ̀kan lára àwọn òkè tó wà nínú igbó ọba náà lónìí, ń jẹ́ orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira.

Ìyà igbó tó tán kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀dá dá ní 1824, ó dá ní 1829, ó tún dá ní 1833. Ti 1844 ló wá le jù. Odò tó ń sun lọ́dún yípo tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń ya nígbà òjò, tó sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí ìpọnmi di ojú ìjà. Ìjọba fi ọmọ ogun ṣọ́ ibi ìpọnmi, ó sì ń wá omi láti odò tó jìnnà. Ní 1844 yẹn ni mínísítà kan, Almeida Torres, dábàá pé kí ìjọba gba ilẹ̀ tó wà létí orísun omi, kí wọ́n sì gbin igi sí i. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó wà lórí ìwé fún ọdún púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìjọba ti máa ń rí. Ọdún 1856 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóko. Àwọn kan tilẹ̀ yọ̀ pé ìjọba ń ra ilẹ̀ tí kò lè so nǹkan kan mọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1861, ìjọba Olú-ọba Dom Pedro Kejì fọwọ́ sí ìlànà tó dá igbó méjì sílẹ̀, Tijuca àti Paineiras. Ìlànà náà sọ bí wọ́n ṣe máa gbin igi náà: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ létí orísun omi, kí wọ́n sì tò ó ní ìlà tó gún régé. Wọ́n fi Tijuca sábẹ́ Manuel Gomes Archer, wọ́n fi Paineiras sábẹ́ Tomás Nogueira da Gama. Archer ní oko ní Guaratiba, ó ti ń gbin igi níbẹ̀, ó sì mọ̀ wọ́n. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní Major Archer nítorí oyè ológun tó ní.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kíní ọdún 1862, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni ìjọba fún un, ẹrú ni gbogbo wọn: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo àti Maria. Ìwé ìjọba kò kọ orúkọ bàbá wọn, kò sì sọ ìlú tí wọ́n ti wá. Orúkọ tí àlùfáà fún wọn níbi ìrìbọmi nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó wá kún wọn, wọ́n tó bí 22.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ẹni tó ń fọ́n irúgbìn ká. Wọ́n á wọnú igbó tó ṣẹ́ kù lókè, wọ́n á wá àwọn ọmọ igi tó hù sábẹ́ ìyá wọn, wọ́n á hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kí gbòǹgbò má baà gbẹ, wọ́n á sì rù ú sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tó ti di pápá. Àwọn mìíràn wá láti oko Archer ní Guaratiba. Ihò ni wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ sínú ilẹ̀ tó ti le bí àpáta. Wọ́n á gbin ọmọ igi, wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á sì máa padà wá tu koríko ìdí rẹ̀, nítorí koríko lè pa ọmọ igi láàrin oṣù kan. Èyí tó bá kú, wọ́n á gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Jequitibá, ipê, cedro àti canela wà lára àwọn igi ilẹ̀ Brazil tí wọ́n gbìn. Wọ́n tún gbin yúkálípítọ́ọ̀sì láti Australia àti jaca, igi eléso ńlá tí àwọn Potogí ti gbé wá láti Íńdíà. Nígbà tí Archer fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1874, ọdún kẹtàlá ti ń lọ, iye igi tí wọ́n ti gbìn sì ti ń lọ sí 100,000.

Ìtàn Rio fi Archer ṣe baba igbó náà, ó sì tọ́ sí i. Kò sí ẹni tó gbin igbó sórí òkè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí ní apá ayé yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá dárúkọ rẹ̀ nìkan ti gé ìtàn náà ní ìdajì. Láti 1862 títí di ìgbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni igbó náà fi ń dàgbà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ènìyàn. Kọfí ló ba òkè náà jẹ́, ẹrú ló sì gbin kọfí náà. Nígbà tí òkè fẹ́ padà bọ̀ sípò, ẹrú náà ni wọ́n tún ní kó lọ tún un ṣe.

Lẹ́yìn Archer ni Gastão d'Escragnolle wọlé, baróònì tí ìdílé rẹ̀ bá àwọn Taunay tan. Ó gbin nǹkan bí 30,000 igi sí i láti 1874 dé 1888, ọdún tó kú. Èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Archer. Igbó ni Archer fẹ́. Escragnolle fẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́lá á máa gbafẹ́. Ó pe Auguste Glaziou, Faransé tó ń tún ọgbà ìlú Rio ṣe, wọ́n sì jọ la ọ̀nà, wọ́n kọ́ afárá, wọ́n gbẹ́ adágún kéékèèké, wọ́n sì ṣe ibi ìdúró tí ènìyàn ti lè wo òkun. Ihò inú àpáta kan gba orúkọ Paulo e Virgínia láti inú ìtàn àròsọ Faransé tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Ilé tí baróònì yẹn gbé ti di ilé oúnjẹ Os Esquilos.

Ìgbà yẹn náà ni Corcovado bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1884, Dom Pedro Kejì ṣí ọ̀nà rélùwéè tó gbéra ní Cosme Velho dé Paineiras. Ọdún tó tẹ̀lé e ló dé orí òkè. Francisco Pereira Passos àti Teixeira Soares ni ẹnjiníà rẹ̀. Ooru omi ló kọ́kọ́ ń wa ọkọ̀ náà, iná mànàmáná sì gba ipò rẹ̀ ní 1910, òun sì ni rélùwéè àkọ́kọ́ tó lo iná mànàmáná ní Brazil. Pereira Passos kan náà ló di olórí ìlú lẹ́yìn náà, tó sì kọ́ Vista Chinesa sórí òkè, ibi ìdúró tí wọ́n ṣe bí ilé Ṣáínà, ní ìrántí àwọn ará Ṣáínà tí ìjọba Potogí kó wá gbin tíì ní Jardim Botânico ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Lórí Pico da Tijuca, àtẹ̀gùn 117 wà tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, pẹ̀lú ṣéènì irin tí ènìyàn fi ń di ara mú. Nítorí Ọba Albert ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni ìjọba ṣe gbẹ́ ẹ ní 1920. Ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé gbajúgbajà agunkè ni ọba náà. Kò sí àlejò tó nílò àtẹ̀gùn kéré jù ú lọ. Àtẹ̀gùn náà wá di ti gbogbo ará Rio. Ní 1919, ọdún kan ṣáájú, ni wọ́n ti dá Centro Excursionista Brasileiro sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn agunkè tó ṣì ń mú àwọn ènìyàn wọ òkè náà di òní.

Ti ère Jésù kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Heitor da Silva Costa ni ẹnjiníà rẹ̀, Paul Landowski láti Faransé ló ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, rélùwéè ló sì ru ohun èlò rẹ̀ gòkè. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1931. Ó ga ní 30 mítà láìka ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ère yẹn ló ń fa èrò tó pọ̀ jù, òun náà ló sì bo ìtàn igbó mọ́lẹ̀: ẹni tó bá gun ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀ tó sì padà lè má mọ̀ pé inú igbó tí wọ́n gbìn lòun gbà kọjá.

Lẹ́yìn tí ìjọba olú-ọba wó ní 1889, kò sẹ́ni tó bìkítà fún Floresta da Tijuca mọ́. Ọ̀nà bàjẹ́, afárá wó, ilé di ahoro. Igi nìkan ni kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń dàgbà, ẹyẹ àti àdán ń gbé irúgbìn láti téńté òkè wá sáàrin wọn, ìlà tó gún régé tí ìjọba pa láṣẹ sì di rúdurùdu igbó gidi. Nígbà tó di 1943, olórí ìlú Henrique Dodsworth pe oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan, Raymundo Ottoni de Castro Maya, kó wá tún ibẹ̀ ṣe. Cruzeiro kan péré ni owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ó tún ọ̀nà ṣe, ó sọ ilé àtijọ́ di ilé oúnjẹ, Roberto Burle Marx sì bá a lọ́wọ́ sí ètò igi òdòdó. Nínú Capela Mayrink, ilé ìjọsìn kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń fa ojú mọ́ra láàrin ewé, wọ́n gbé àwòrán Cândido Portinari sí. Ní 1946 ló gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1961 ni ìjọba àpapọ̀ sọ òkè náà di ọgbà orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú orúkọ Parque Nacional do Rio de Janeiro; ọdún 1967 ló gba orúkọ Tijuca. Òjò ńlá tó rọ̀ ní oṣù Kíní 1966, tó ya àwọn òkè tí kò ní igi lulẹ̀ lé ilé lórí, ti jẹ́ kí ìlú rí ohun mìíràn tí igbó ń ṣe yàtọ̀ sí omi. Ní 2004 ìjọba fi ilẹ̀ kún un, Parque Lage sì wà lára rẹ̀. Ní 2012 UNESCO kọ àwọn òkè àti etí òkun Rio sínú ìwé ogún àgbáyé, igbó Tijuca sì wà láàrin wọn.

Igi padà, ṣùgbọ́n ẹran kò padà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pa wọ́n jẹ, ìlú tó yí igbó ká kò sì jẹ́ kí òmíràn lè rìn wọlé. Láti 2010 ni àwọn onímọ̀ ti ń dá wọn padà. Cutia ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹran kan tó fara jọ òyà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Inú ọgbà Campo de Santana, ní àárín ìlú gan-an, ni wọ́n ti kó àwọn àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí cutia ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti Eleutério àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ń ri irúgbìn ńlá mọ́lẹ̀ de ìgbà ebi, ó ń gbàgbé àwọn kan, èyí tó bá gbàgbé á sì hù. Ọ̀bọ bugio, tí igbe rẹ̀ ń dún la igbó já, dé ní 2015. Ahun tẹ̀lé e ní 2020. Ní ti igi jaca, ó ti di wàhálà. Ó ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fún igi ilẹ̀ náà pa, àwọn alábòójútó sì ń dín in kù. Iná ni ọ̀tá kejì: àwọn bálúùnù oníná tí wọ́n ń tú sókè nígbà ọdún oṣù Kẹfà máa ń já sínú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1998.

Ibì kan wà tí Yorùbá tó bá dé Tijuca á ti mọ ohun tó ń wò láìbéèrè. Ní Alto da Boa Vista, níbi kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Curva do S, àwọn oní-Candomblé àti oní-Umbanda, tó ń bọ òrìṣà ní Brazil, máa ń gbé ẹbọ wá sétí omi àti ìdí igi. Fún Ọ̀ṣun ni ti odò, Ọ̀sanyìn ló ni ewé, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sì ni igbó. Ní Rio, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń bọ lábẹ́ orúkọ Sebastião Mímọ́, tó jẹ́ alábòójútó ìlú náà, ọjọ́ 20 oṣù Kíní sì ni ọdún rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ń lé wọn nítorí àbẹ́là tó ń dáná sígi àti ìgò tó ń fọ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyálórìṣà àti àwọn aláṣẹ jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n lè ti ṣe é àti bí wọ́n ṣe lè ṣe é: kí ewé rọ́pò àwo, kí igbá rọ́pò ìgò, kí wọ́n má sì tan àbẹ́là sídìí igi. Ìpinnu tó bá ìlànà àwọn àgbà mu ni, nítorí òrìṣà tó ni ewé kò ní fẹ́ kí igbó jó.

Àlejò tó bá fẹ́ rí ìtàn yìí lójú, ọjọ́ méjì ló yẹ kó ní lọ́kàn, nítorí Corcovado àti Floresta da Tijuca kò sí lójú ọ̀nà kan náà. Ní ti Corcovado, kó wọ rélùwéè ní Cosme Velho, kó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Owó wà níbẹ̀. Ó dáa kó lọ láàrọ̀, kó sì kọ́kọ́ gbójú sókè láti ìsàlẹ̀, torí bí kùrukùru bá ti bo ère, kò sí ohun tó máa rí lókè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti Parque Lage ga, àwọn jàǹdùkú sì ti dá èrò lọ́nà níbẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ ni kó bá rìn. Floresta ni ọjọ́ kejì. Métíròò dé àdúgbò Tijuca, bọ́ọ̀sì sì gbéra níbẹ̀ lọ sí Alto da Boa Vista. Cascatinha Taunay ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, lẹ́yìn rẹ̀ Capela Mayrink, kó tó dé Bom Retiro, níbi tí ọ̀nà Pico da Tijuca ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni ìgòkè, bàtà tó di ilẹ̀ mú sì ṣe pàtàkì. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ni òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ní oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, àpáta máa ń yọ̀, ìjì ọ̀sán sì máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó wà ní Praça Afonso Viseu máa ń ṣí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n sì ń tì í ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, yàtọ̀ sí ìgbà ooru tí wọ́n máa ń fi wákàtí kan kún un. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.